Àwa Tá À Ń Wádìí Ọjọ́ Orí Arúgbó

Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ mi pé iṣẹ́ wo ni ìyá wọn ṣe, wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Ọmọ ẹlòmíràn á ní tíṣà ni ìyá òun, tàbí nọ́ọ̀sì, tàbí aránṣọ. Tèmi á ní, "Màmá wa máa ń lọ bá àwọn arúgbó nílé, wọ́n á wò ó bóyá àwọn yẹn dàgbà tó bí wọ́n ṣe wí." Òótọ́ ni. Ohun tí mo fi gbogbo agbára ọ̀dọ́ mi ṣe nìyẹn, láti Òkòkòmáíkò dé Ìbà, láti Àjàngbádì dé Ìjaníkin, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó yàn, tó jẹ́ pé báńkì nìkan ni gbogbo yín ń wò, ẹ jókòó kí n sọ tèmi fún yín. Bí kò bá wù yín, ẹ ó kàn mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà ò gùn. Ẹgbẹ́ onínúure kan wà nígbà náà tó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹni tó bá ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún lágbègbè Ọ̀jọ́, wọ́n á máa rán nọ́ọ̀sì sí i nílé pẹ̀lú oògùn àti báńdéèjì, lọ́fẹ̀ẹ́, títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ò pọ̀, arúgbó pọ̀, àwọn tó sì ń pe ara wọn ní arúgbó tún pọ̀ ju arúgbó lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi ń wá àwọn tí yóò máa wádìí. Mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, mo wọlé. Owó oṣù rẹ̀ ò dára, kò sì burú, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Láńlókun. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, tínrín ni wọ́n, ohùn wọn ò sì ròkè rí. Èèyàn á rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ẹ̀yin ẹ wò ó, mo bẹ̀rù Ọ̀gá ju bí mo ṣe bẹ̀rù bàbá tó bí mi lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi jáde, Àjàngbádì la lọ. A bá bàbá arúgbó kan lórí ìjókòó níwájú ilé. Èmi tí mo fẹ́ fi hàn pé mo gbọ́n, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì ṣí bírò mi. "Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

Ọ̀gá dìde. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún bàbá yẹn, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé ọmọdé ló ń ṣe mí, wọ́n wá fà mí jáde sẹ́yìn ilé.

"Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Ẹni tó bá béèrè iye ọdún, iye ni wọ́n á fún un. Ẹni tó bá béèrè bí ayé ṣe rí, ayé ni wọ́n á sọ fún un. Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. Kí wọn, jókòó, panu mọ́."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni. Ó lé lóṣù mẹ́ta tí mo fi panu mọ́. Ẹ bi àwọn tó mọ̀ mí léèrè bí ìyẹn ṣe rí fún mi, nítorí ẹnu mi kì í dákẹ́ láti kékeré. Màá jókòó sórí ẹní, màá máa bó ẹ̀gúsí pẹ̀lú àwọn ìyá, màá máa gbọ́. Bí mo bá gbàgbé láti kí ìyàwó ilé kan ní Ìbà, tí a ti padà dé Òkòkòmáíkò, Ọ̀gá á ní kí n padà lọ kí i. Ẹsẹ̀ ni mo sì ń fi rìn ín. Mo máa ń ṣépè fún wọn lójú ọ̀nà, màá tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó dé ọ́fíìsì.

Ṣùgbọ́n mo kọ́ iṣẹ́. Mo kọ́ pé a kì í bi àgbà léèrè ọjọ́ orí rẹ̀ lójú àwọn ọmọ rẹ̀, torí àwọn ọmọ ló máa dáhùn, ọmọ sì máa ń fẹ́ kí bàbá òun ju bàbá ẹlòmíràn lọ. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi àwọn ohun ńlá tó ti ṣẹlẹ̀ wọn ọdún: ogun Jámánì, àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú tó tẹ̀lé e ní 1918, ogun Hítílà. A ó wá mọ̀ bóyá nígbà náà ẹni náà ń rá kòrò, tàbí ó ti ń pọnmi, tàbí ó ti ní ọmọ lẹ́yìn. Lékè gbogbo rẹ̀, mo kọ́ ìbéèrè méjì tí Ọ̀gá fẹ́ràn jù: "Ta ló gbé yín pọ̀n? Ta lẹ̀yin náà gbé pọ̀n?" Èèyàn lè ṣi ọdún kà, ó sì lè fi irọ́ kún un. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbàgbé ẹ̀yìn tó gbé e dàgbà. Bí a bá sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan, Ọ̀gá á ní ká tún lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn tí kì í ṣe ará ilé kan náà. "Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," wọ́n á wí, wọ́n á sì gbé fìlà dé.

Ẹ̀rín pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn o. Ní ìlú wa, ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba á máa gé ọjọ́ orí rẹ̀ kù, kí wọ́n má baà ní kó lọ sinmi. Bó bá ti fẹ̀yìn tì tán, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bù kún un kí wọ́n lè máa pè é ní àgbà. Dírẹ́bà kan wà ní Òkòkòmáíkò tó jẹ́ ọmọ ọgọ́ta ọdún géérégé lọ́jọ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tó fi wá bá wa pé òun ti pé ọgọ́rùn-ún, kí a rán nọ́ọ̀sì sóun. Ọ̀gá wò ó títí. "Ẹ kú ìrìn o," wọ́n ní. "Ọ̀nà tí ẹ fi ọdún mẹ́ta rìn yìí jìn díẹ̀." Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó ra ẹ̀pà fún wa, ó bá tiẹ̀ lọ.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti bàbá kan ní Ìjaníkin. Bàbá yẹn jókòó, wọ́n ń sọ ogun àtijọ́ tí wọ́n jà fún wa, bí wọ́n ṣe gbé ìbọn, bí ebi ṣe pa wọ́n nínú igbó, bí wọ́n ṣe padà bá ìyàwó wọn nílé pẹ̀lú oyún. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ wàrà-wàrà, torí bí ogun yẹn bá jẹ́ èyí tí mo rò, bàbá yìí á ti lé ní ogóje ọdún! Ọ̀gá kàn ń mi orí. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Bàbá, kí lẹ pe orúkọ yín?"

"Babátúndé."

Ọ̀gá yọ fìlà lé orúnkún, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá ò purọ́ fún wa o. Láti ìgbà ìkókó ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá, tí ìyá rẹ̀ àgbà ń sọ fún un pé, "Nígbà tí o lọ sógun, tí o fi oyún sílẹ̀ fún mi." Ọmọ tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ṣé ẹ̀yin rò pé á tún mọ ibi tí ti bàbá àgbà ti parí tí tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? A ṣírò rẹ̀, bàbá ò ju ẹni àádọ́rin ọdún àti díẹ̀ lọ. Nígbà tí a sọ fún un, kò bínú. Ó kàn ní, "Èyí tí mo ti lò tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" Ọ̀gá ní, "Ìyẹn, ẹ ti gba ìtọ́jú tiẹ̀ lọ́run."

Irinṣẹ́ wa náà ń yí padà. Ẹní àti etí la fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fún wa ní téèpù tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ìyá kan ní Ọ̀jọ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú téèpù, ó bínú, ó ní, "Ta lobìnrin tó ń sín mi jẹ yìí?" Kámẹ́rà dé lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó wá di àwọn ọdún 1990, wọ́n gbé kọ̀mpútà wá, ó jókòó sórí tábìlì bí ìyàwó tuntun, a da aṣọ bò ó lórí. Kọ̀mpútà yẹn ò gbà kí èèyàn má lọ́jọ́ ìbí. Bí a ò bá tẹ ọjọ́ àti oṣù sí i, á ní rárá. Kí la ó ṣe? Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní la fún gbogbo wọn. Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ wa nígbà náà, ẹ ó rò pé kò sí arúgbó kankan tí wọ́n bí nígbà òjò lágbègbè Ọ̀jọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó fẹ́ ba iṣẹ́ wa jẹ́, torí òun náà ni mo fi ń yangàn jù.

Bàbá kan wà ní Ìbà, Bàbá Sùnmọ́nù, onílé, ọmọ bíbí ìlú náà. Bàbá yìí ga bí òpó iná, ohùn wọn ń dún, wọ́n sì fẹ́ràn kí èèyàn máa yẹ́ wọn sí. Ìsinmi ìbímọ àbígbẹ̀yìn mi ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn délẹ̀. Dáre, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló lọ wádìí. Ọmọ gidi ni Dáre, kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n kò tíì gbéyàwó. Ó bá ìyá arúgbó kan nínú agboolé yẹn, Ìyá Rábíátù, ìyàwó àbúrò bàbá Bàbá Sùnmọ́nù, tí ọkọ wọn ti kú tipẹ́. Àwọn ọmọ ìyá yìí ní ìyá àwọn ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Dáre bi wọ́n nípa Bàbá Sùnmọ́nù. Ìyá dáhùn láìronú: "Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ fún mi. Mo bá wọn nílé ni."

Dáre ṣe ìṣirò. Bí Ìyá bá jẹ́ ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rùn-ún, tí Bàbá sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn, tí wọ́n ti wà nílé kí wọ́n tó gbé Ìyá wọlé, Bàbá á ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù wọ́n lọ ó kéré tán, ìyẹn ọdún méjìdínlọ́gọ́fà. Wọ́n bi Bàbá, Bàbá ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni wọ́n á pè ní àgbà jù lágbègbè kan tí á jiyàn? Dáre kọ àwọn méjèèjì sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀, pàápàá nítorí Ìyá Rábíátù, torí egbò burúkú kan wà lẹ́sẹ̀ wọn tó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́, tó ń dì í, egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í jiná.

Ẹgbẹ́ wa wá pinnu láti yẹ́ Bàbá Sùnmọ́nù sí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dàgbà jù lágbègbè wa. Wọ́n ta kánópì síwájú ilé, àwọn ọ̀gá láti ọ́fíìsì àgbà wá, oníwèé ìròyìn wá. Wọ́n sì pe àwọn àgbà àdúgbò, títí kan Bàbá Lásísì láti Ọ̀jọ́, tó ń fi ọ̀pá rìn. Bí wọ́n ṣe pe méjìdínlọ́gọ́fà nínú máìkì, Bàbá Lásísì bú sẹ́rìn-ín.

"Sùnmọ́nù? Sùnmọ́nù tèmi yìí? Ilé kéwú kan náà ni lúkúlúkú bá èmi pẹ̀lú rẹ̀! A ò tíì tó ẹni tí wọ́n ń ní kó gbààwẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ sunkún nígbà tí wọ́n ń gbé òkú àáfà wa jáde. Sùnmọ́nù, dá mi lóhùn, ṣé irọ́ ni mo pa?"

Bàbá Sùnmọ́nù fa fìlà bojú. Ẹ̀rín ta lábẹ́ kánópì, oníwèé ìròyìn ń kọ ọ́. Mo gbé ọmọ mi wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo wà níbẹ̀. Ẹni tó dìde ni Ọ̀gá Láńlókun. Wọ́n gba máìkì, wọ́n ní, "Èmi ni ọ̀gá àwọn ọmọ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ bú èèyàn, kó bú mi." Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún gbogbo ìlú. Dáre ń sunkún. Mi ò rí ọ̀gá tó ju ọ̀gá lọ bẹ́ẹ̀ rí, kò sì tíì sí ẹni tó tún wá dà bíi wọn títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí Ọ̀gá lọ sinmi. Ọ́fíìsì àgbà sì pàṣẹ pé kí a pa orúkọ gbogbo àwọn ará agboolé yẹn rẹ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe rò ó: bí Bàbá Sùnmọ́nù bá jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún àti díẹ̀, tí Ìyá Rábíátù sì fẹnu ara wọn sọ pé Bàbá ju àwọn lọ, a jẹ́ pé Ìyá ò lè tó ọgọ́rùn-ún. Ní orí ìwé, ó mọ́gbọ́n dání. Nọ́ọ̀sì ò lọ síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé Ìbà lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń wọ iyàrá Ìyá Rábíátù ni òórùn egbò yẹn pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ṣí padà, ó sì ti gùn dé ojúgun. Àkísà ni wọ́n fi ń dì í. Dókítà ti sọ fún àwọn ọmọ wọn pé bí kò bá sí ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹsẹ̀ náà déédéé, gígé ni wọ́n á gé e. Lọ́jọ́ orí yẹn, ẹni tí wọ́n bá gé lẹ́sẹ̀, ṣé ẹ rò pé ó máa pẹ́ láyé?

Mo jókòó tì wọ́n. Ìyá ń rẹ́rìn-ín sí mi, àfi bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Bàbá Sùnmọ́nù kọjá lágbàlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí orí wọn má baà gbá etí òrùlé. Ìyá kígbe láti orí ẹní: "Akúrúyẹjó! Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi."

Mo wo Bàbá. Mo wo Ìyá. Akúrúyẹjó? Ọkùnrin tó ga bí òpó iná?

Ìyàwó ilé ni èmi náà. Ní ilé ọkọ mi, ọmọkùnrin kan wà tí mo máa ń fọn ikun fún nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé; "Bọ̀dá mi" ni mo ń pè é títí dòní, bí ẹ bá sì bi í, ẹ ó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi lòun. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ti jù ú lọ nìyẹn, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, á fún un ní orúkọ tó bá ara rẹ̀ mu, á sì máa ṣe é ní ẹ̀yin. Dáre ò lè mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀gá mi, ọlọ́gbọ́n èèyàn, ìyàwó ni wọ́n fẹ́, wọn ò ṣe ìyàwó rí.

"Ìyá," mo ní, "kí ló dé tí ẹ̀ ń pe ẹni gíga báyìí ní Akúrúyẹjó?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mo fún wọn lórúkọ, wọn ò tíì ga ju ìkòkò tó wà níbẹ̀ yẹn lọ. Bí mo bá pàtẹ́wọ́, wọ́n á jó."

Inú mi dùn, mo fẹ́ dìde. Ojú Ìyá yí padà. Wọ́n ti rí ibi tí mo ń lọ.

"Má kọ ọ́ o."

"Ìyá, bí mo bá kọ ọ́, nọ́ọ̀sì á padà wá."

"Ṣé kí n sọ ọkọ mi di ọmọ lójú ayé ni? Lẹ́yìn ìtìjú tó ti bá wọn? Bẹ́ẹ bá gbé ẹ̀rọ yín wá, ohun tí mo sọ lánàá ni mo máa sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Ẹsẹ̀ mi ló bàjẹ́, ìwà mi ò bàjẹ́."

Mo bínú. Mo jágbe mọ́ arúgbó, kí Ọlọ́run má ṣèrántí: "Wọ́n á gé ẹsẹ̀ yìí o!" Ìyá kàn fi etí aṣọ bo egbò náà, wọ́n ní kí n jẹun kí n tó lọ.

Mo lọ sí Ìjaníkin, níbi tí wọ́n ti bí Ìyá. Àwọn àgbà ẹbí wọn sọ fún mi pé opó ni Ìyá nígbà tí wọ́n lọ lọ́kọ ní Ìbà. Ọmọ méjì ni wọ́n ti bí fún ọkọ àkọ́kọ́, èyí àgbà sì ti ń bá àwọn ọkùnrin lọ sóko. Ìyá ti di ìyá ọlọ́mọ méjì kí Bàbá Sùnmọ́nù tó mọ ẹsẹ̀ gbé! Ṣùgbọ́n ẹnu kan nìyẹn. Ẹnu kejì gbọ́dọ̀ ti Ìbà wá, nínú gbogbo ẹni tó sì wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó náà wọlé, Bàbá Sùnmọ́nù nìkan ló kù láyé.

Bàbá sì ti ya ara wọn sọ́tọ̀. Wọn ò jókòó síwájú ilé mọ́ láti ọjọ́ ẹ̀sín yẹn. Bí mo ṣe yọjú, wọ́n ní, "Ẹ ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó kù kí ẹ wá sọ mí di ọmọ ọwọ́ ni?" Wọ́n lé mi jáde. Mo tún padà. Mi ò béèrè ohunkóhun. Mo kí wọn, mo jókòó, mo panu mọ́ bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Báyìí ni mò ń ṣe, títí ó fi sú Bàbá láti lé mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ilé kéwú fún mi, ti àáfà wọn, ti odò tí wọ́n ti ń pẹja. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tú àkísà lẹ́sẹ̀ Ìyá nínú iyàrá kejì. Àkísà ti gbẹ mọ́ ẹran ara. Ìyá kérora lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì panu mọ́.

Bàbá yíjú sí ẹnu ọ̀nà iyàrá yẹn. Mo wá ní, "Bàbá, ta ló gbé yín pọ̀n?"

"Ara ìyá mi ò le lẹ́yìn tí wọ́n bí mi," wọ́n ní. "Ìyàwó tuntun ló gbé mi pọ̀n." Wọ́n wá fi àgbọ̀n júwe iyàrá yẹn. "Lọ pe àwọn ọ̀gá rẹ wá."

Alábòójútó wá láti ọ́fíìsì àgbà, òun àti téèpù rẹ̀. Gbogbo agboolé pé sí àgbàlá, wọ́n gbé Ìyá jáde sórí ẹní. Bàbá Sùnmọ́nù dúró níwájú wọn.

"Ìyàwó, o ò ní sọ ọ́, àbí?"

"Mi ò ní sọ ọ́, ọkọ mi."

"Ó dáa. Èmi á sọ ọ́."

Bàbá ṣí fìlà. Arúgbó gíga yẹn fi orúnkún kan lélẹ̀, ó fi èkejì lélẹ̀, ó wá na gbogbo ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ níwájú ìyàwó ilé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà, ẹ mọ̀ pé ọmọ ilé kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó tó bá a nílé.

"Obìnrin yìí ló gbé mi pọ̀n," Bàbá sọ fún téèpù. "Mo ti tọ̀ sí wọn lẹ́yìn, mo ti sùn sí wọn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wọlé wa, ọmọ wọn àgbà ti ń lọ sóko, èmi ò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Ìyá ni wọ́n jẹ́ fún mi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dá nọ́ọ̀sì wọn padà."

Ìyá Rábíátù fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Ẹ dìde, ọkọ mi," wọ́n ń sọ, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, aṣọ yín ń dọ̀tí." Mo sunkún, mi ò tijú. Alábòójútó náà yọ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ jígí ò dọ̀tí.

A kọ ọ́ pé Ìyá ò dín ní ọdún márùndínláàádọ́fà. Mo lọ sọ ọ́ fún Ọ̀gá Láńlókun nílé wọn. Mo rò pé wọ́n á yìn mí. Wọ́n ní, "Ẹnu mélòó?"

"Méjì, sà."

"Ilé kan náà?"

"Rárá, sà. Ọ̀kan láti Ìjaníkin."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí ìyàwó wọn bu omi tútù fún ọ̀gá àwọn. Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ o! Kò sí ìwé ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni fún mi láyé tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí iṣẹ́ kan bá wà tí ẹ ó máa bá èèyàn jókòó, tí ẹ ó máa gbọ́ wọn ju bí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ, ẹ má sá fún un. Kì í sọni di olówó, ṣùgbọ́n ẹ ó fi ẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, bí èmi yìí.

Nọ́ọ̀sì padà sí Ìbà. Ó pẹ́ kí egbò náà tó jiná, ṣùgbọ́n ó jiná. Nígbà tí mo lọ wo Ìyá Rábíátù kẹ́yìn, mo jẹun, mo dágbére, mo ní kí wọ́n jókòó, mo mọ̀nà. Wọ́n ní ìyàwó ilé kì í jókòó kí àlejò dá jáde. Wọ́n dìde, wọ́n wé gèlè, wọ́n sì rọra fi ẹsẹ̀ ara wọn sìn mí dé ojú títì.